Ìjẹ̀bú àti Jébúsì: Ta Ni Í Ṣe Júù?

Nígbà tí a lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Èbúté Ìkòròdú, ẹ̀kọ́ bí Dáfídì ti gba Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ àwọn ará Jébúsì ni a ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Bí a ti dárúkọ Jébúsì, ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, “Tíṣà, bàbá mi àgbà sọ pé Jébúsì ni Ìjẹ̀bú, pé Júù ni wá.” Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Àwa kò mọ èsì tí a óò fún un. A ní kí ó jókòó, a sì ń bá ẹ̀kọ́ wa lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Ìtìjú ọjọ́ náà ni ó mú wa wádìí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí ó kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu ni pé, bí Ìjẹ̀bú bá tilẹ̀ jẹ́ Jébúsì, kì í ṣe Júù ni ìbá jẹ́. Àwọn ará Jébúsì ni onílẹ̀ Jerúsálẹ́mù kí Dáfídì tó dé. Àwọn ni a ṣẹ́gun, kì í ṣe àwọn ni ó ṣẹ́gun. Àní ará Jébúsì kan, Áráúnà, ni Dáfídì ra ilẹ̀ ìpakà àti màlúù lọ́wọ́ rẹ̀ ní àádọ́ta ṣékélì fàdákà, gẹ́gẹ́ bí Ìwé Sámúẹ́lì Kejì ti wí. Ọmọ wa tí ó ń fi Jébúsì yangàn kò mọ̀ pé ìhà kejì odi ni òun dúró sí.

Ní ti orúkọ Ìjẹ̀bú, ó ti pẹ́ lóòótọ́. Duarte Pacheco Pereira, ará Potogí, kọ ọ́ sínú ìwé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé ìlú ńlá kan wà tí ń jẹ́ Geebuu, tí yàrà ńlá yí i ká. Ṣùgbọ́n kí orúkọ méjì jọ ara wọn létí, èyí kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá. Bí a bá sì bi àwọn àgbà Ìkòròdú fúnra wọn, Rẹ́mọ àti Bìní ni wọ́n ń tọ́ka sí, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ nípa oko odù tí ìlú ti gba orúkọ rẹ̀. A kò gbọ́ Jerúsálẹ́mù lẹ́nu wọn nínú ìtàn náà.

Ìtàn mìíràn tún wà tí ó jọ èyí. Yàrà Ẹrẹ́dò, tí ó gba ẹ̀bá Ẹ̀pẹ́ kọjá yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Àwọn ènìyàn sọ pé Bílíkísù Súngbọ́, ẹni tí ibojì rẹ̀ wà ní Òkè-Erí, ni ó gbẹ́ ẹ, àwọn kan sì ní òun gan-an ni ayaba Ṣébà tí ó lọ wo Sólómọ́nì. Iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni yàrà náà, ó sì yẹ kí a mú àwọn ọmọ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n bí a tilẹ̀ fún un ní ẹgbẹ̀rún ọdún àti díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí, Sólómọ́nì ti kú ní nǹkan bí 1,800 ọdún ṣáájú rẹ̀.

Àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé wa pẹ̀lú ti wo ìlà oòrùn. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ó kú ní 1901, ìwé náà sì jáde ní 1921 nípasẹ̀ iṣẹ́ àbúrò rẹ̀ Obadiah. Johnson mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ Súlútánì Bello ti Sókótó, tí ó ní ọmọ Kénáánì ti ìdílé Nímúródù ni Yorùbá. Òun fúnra rẹ̀ kò gbà pé Lárúbáwá ni wá. Ó ní láti Òkè Íjíbítì tàbí Núbíà ni a ti wá. Ẹ kíyè sí i pé Johnson pàápàá kò pè wá ní Júù.

Kí ni èdè wí? Hébérù àti Lárúbáwá jẹ́ ọmọ ìyá, Haúsá sì wà nínú agbo ilé ńlá kan náà pẹ̀lú wọn. Yorùbá kò sí níbẹ̀. Bìní, Ìgbò àti Nupé ni ìbátan tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èdè ni a fi ń wá ìbátan Mósè, Kánò ni à bá gbà lọ, kì í ṣe Ìkòròdú! Lóòótọ́, a ní sánmà lẹ́nu, àwọn Hébérù sì ń pe ojú ọ̀run ní shamayim. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ Lárúbáwá ni sánmà ti dé ọ̀dọ̀ wa, bí àdúrà, àlàáfíà àti wòlíì. Àwọn oníṣòwò àti àwọn onímàle ni ó rù wọ́n wá, Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì bá wọn lẹ́nu ará ilé nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ Bíbélì, èyí tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884.

Àwọn kan á tún ní, “Ìsọmọlórúkọ ọjọ́ kẹjọ ńkọ́?” Ẹ bi àwọn ìyá àgbà. Ní ayé àtijọ́, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin, ọjọ́ keje ni ti obìnrin, àwọn ìbejì ni ó ni ọjọ́ kẹjọ. Ní ti ilà abẹ́, àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ń dá a, ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Áfíríkà sì ń dá a.

Ta wá ni Júù? Ìran Júdà ni orúkọ náà ti jáde. Ásíríà kó ìjọba àríwá Ísírẹ́lì lọ ní 722 ṣáájú Kristi; Júdà dúró títí Bábílónì fi wó Jerúsálẹ́mù ní 586. Nígbà tí Kírúsì jẹ́ kí wọ́n padà, ará Júdà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó padà, láti ìgbà náà ni a sì ti ń pe gbogbo wọn ní Júù. Ẹ̀yà mẹ́wàá tí a kò gbúròó mọ́ ni ìlẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé: ẹni tí ó bá wù ú láti bá Ísírẹ́lì tan, ibẹ̀ ni í gbà wọlé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni ó kan àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ jù lọ. Ní 70 lẹ́yìn Kristi, Títù ará Róòmù sun Tẹ́mpìlì. Kò sí ọba mọ́, kò sí pẹpẹ, kò sì pẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn fi tú ká. Ìtàn wọn sọ pé olùkọ́ kan, Yohanan ben Zakkai, tọrọ ohun kan lọ́wọ́ àwọn ará Róòmù: ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú Yavneh. Láti ìgbà náà, Òfin tí a ń kà, Ọjọ́ Ìsinmi tí a ń pa mọ́, àti ọmọdé tí a ń kọ́ ní ìwé kíkà ni ó mú wọn ṣọ̀kan ní Bábílónì, ní Sípéènì, ní Yẹ́mẹ̀n, ní Íńdíà. Gẹ́gẹ́ bí òfin àwọn àgbà wọn, ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Júù ni Júù, tàbí ẹni tí ó bá wọ inú májẹ̀mú náà. Rúùtù, ìyá bàbá àgbà Dáfídì, ará Móábù ni! Nítorí náà àwọ̀ wọn kò dọ́gba. Láàárín wákàtí 36 ní 1991, a fi ọkọ̀ òfuurufú kó àwọn tí ó lé ní 14,000 láti Etiópíà lọ sí Ísírẹ́lì, aláwọ̀ dúdú bí tiwa.

Wọ́n ti tẹ ilẹ̀ tí ó súnmọ́ wa pẹ̀lú, ọ̀nà tí wọ́n gbà dé kò sì dùn. Ní 1493 ọba Potogí já àwọn ọmọ Júù gbà lọ́wọ́ òbí wọn, ó sì kó wọn lọ sí erékùṣù São Tomé, nínú òkun wa níhìn-ín; púpọ̀ nínú wọn kú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún àwọn Júù oníṣòwò láti Potogí ń gbé etíkun Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n sì ń jọ́sìn ní gbangba. Ní Tamentit, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, a wó sínágọ́gù wọn ní nǹkan bí 1492. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́ Júù nítorí ògo Sólómọ́nì, kí ó rántí ìwọ̀nyí pẹ̀lú, kí ó sì rántí mílíọ̀nù mẹ́fà tí ìjọba Hitler pa láàárín 1941 àti 1945, kí orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì tó dìde ní 1948.

A padà lọ sí kíláàsì náà. A sọ fún ọmọ náà pé a kò lè fi ẹ̀rí kankan pè é ní Júù, a sì ní kí ó lọ bi bàbá rẹ̀ àgbà pé ta ni ó kọ́kọ́ wọ Ìkòròdú nínú ìdílé wọn. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó mú orúkọ méje wá, ó kà wọ́n lórí láìṣe àṣìṣe. Ó ní bàbá àgbà ti gbàgbé ìkẹjọ, ó ń ronú sí i lọ́wọ́. A kọ orúkọ méje náà sára pátákó, lábẹ́ orúkọ Dáfídì àti Áráúnà tí a kò tíì nù kúrò.