Àlejò Tí Ó Gba Omi Lọ́wọ́ Apẹja

Ní ìgbà òjò kan, a dúró sí bèbè ọ̀sà ní Badore, lẹ́bàá Ajah. Ọkọ̀ apẹja kan há sáàárín ewéko. Àjẹ̀ kò ráyè wọ omi. Ìyá kan tí ń dúró de ẹja bi wá pé, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣebí ojú oró náà nìyí?”

A ní, “Rárá, ìyá. Ọ̀tọ̀ ni.”

Ẹ jẹ́ kí a mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ojú oró kì í ga. Irun wẹ́wẹ́ wà lára ewé rẹ̀. Gbòǹgbò òṣíbàtà wà nínú ẹrẹ̀. Ewé rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lórí omi. Ṣùgbọ́n àlejò yìí, tí àwọn òyìnbó ń pè ní water hyacinth, ní àmì mẹ́ta:

1. Ewé rẹ̀ ń dán, ó sì nà ró sókè omi.
2. Ìdí ewé rẹ̀ wú. Bí ẹ bá là á, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí ó rì.
3. Òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, pẹ̀lú àmì kan tí ó dàbí àwọ̀ ìyeyè.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Nítorí òdòdó rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣe ń gbé e kiri. Ní ọdún 1984, omi gbé e láti ìhà Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, wọ ìhà Badagry, ó sì dé ọ̀sà Èkó.

Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan lè di méjì. Bí ó bá bo omi, oòrùn kò ní wọlé, afẹ́fẹ́ inú omi a dín kù, ẹja a sá tàbí kí ó kú.

Iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a wọ ọ̀sà Èkó, a sì pa púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà òjò, odò a tún gbé òmíràn dé. Ṣùgbọ́n ọ̀sà Lekki, lápá Ẹ̀pẹ́, kò níyọ̀; ibẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Kí ni kí a ṣe? Ẹ fà á tu kí ó tó pọ̀. Ẹ sá a sórí ilẹ̀, jìnnà sí omi. Bí ó bá jẹrà, ajílẹ̀ ni fún oko. Ẹ gbọn àwọ̀n àti ọkọ̀ yín kí ẹ tó lọ sí omi mìíràn. Ẹ má da oògùn apakoríko sómi: ẹja tí a óò jẹ ni yóò mu ún. Ẹ má sì gbé e lọ sílé nítorí òdòdó. Ẹwà kọ́ ni ìwà.

Ìbéèrè
1. Àmì mẹ́ta wo ni a fi ń dá a mọ̀?
2. Kí ló dé tí ó fi ń kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?
3. Ṣé ó wà ní omi àdúgbò yín? Ta ni ẹ óò pè kí ẹ jọ fà á tu?