Gbogbo Aláǹgbá Ló Dakùn Délẹ̀

Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀rọ̀ ọmọ aráyé ni àwọn àgbà sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tó ti bá a mu tó ọjà tí wọ́n ti ń ra agbábọ́ọ̀lù. Ẹ dé ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Idu, l'Abuja, lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bá ti ṣíwọ́, tí ọkọ̀ ojú irin láti Kaduna sì ti já èrò sílẹ̀. Bẹ́ńṣì pákó á ti kún, jẹnẹrétọ̀ á máa hó lẹ́yìn ilé, àwọn méjì á sì ti dìde dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọn ò ní jẹ́ kí ará ẹ̀yìn ríran. Ọ̀kan á ní kí ló kó sí ẹgbẹ́ òun lórí tí wọ́n fi lọ ra atamátàsé tí iṣan orúnkún rẹ̀ ti já lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì á ní èyí tí wọ́n tà lọ ló ń dun òun ní tòun, pé ẹni tó ń gbá góòlù wọlé fún wọn ni wọ́n fà lé ọ̀tá lọ́wọ́.

Ohun tí ojú àwọn méjèèjì ò tó ni wọ́n ń torí rẹ̀ bú ara wọn. Dókítà ẹgbẹ́ ló rí àwòrán inú orúnkún náà, kì í ṣe àwa. Ohun tí àwa tí a wà lórí bẹ́ńṣì lè rí ni iye owó, inú iye owó yìí gan-an sì ni inú rírun aláǹgbá ti ń hàn síta. Ẹni tó bá ti ra mọ́tò tòkunbọ̀ rí á yé. Mẹkáníìkì á ní kí o tan ẹ́ńjìnnì, á ṣí ìdérí ọ́ìlì, á tẹjú mọ́ ọn bóyá èéfín ń jáde. Bí èéfín bá jáde, kì í ní kí o má rà á. Á ní kí o já owó rẹ̀ wálẹ̀. Mọ́tò tó ń yọ èéfín kì í ṣe ọjà burúkú fún ẹni tó bá rà á ní iye mọ́tò tó ń yọ èéfín. Mo fara mọ́ ọn pé bẹ́ẹ̀ náà ni agbábọ́ọ̀lù: kò sí ẹni tí ọgbẹ́ ń bá fínra tí kò ṣeé rà, kò sì sí gbajúmọ̀ tí kò ṣeé tà. Iye tí wọ́n dá lé e ló lè burú.

Ẹ wo Arsenal lọ́dún 1999, ọdún tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ṣe ohun méjèèjì tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní Idu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, wọ́n ra Nwankwo Kanu lọ́wọ́ Inter Milan. Kanu yìí ni balógun ikọ̀ Nàìjíríà tó gba wúrà Òlíńpíìkì ní Atlanta lóṣù Kẹjọ 1996. Kò pẹ́ tó ti Ajax dé Inter ni àwọn dókítà rí i pé ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn inú ọkàn rẹ̀ ní àbùkù. Wọ́n gbé e lọ sí Cleveland l'Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lóṣù Kọkànlá 1996. Ó padà sórí pápá lọ́dún 1997, àmọ́ Inter ò fi bẹ́ẹ̀ lò ó. Mílíọ̀nù 4 pọ́n-ùn ó lé díẹ̀ ni Arsenal san. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, Arsenal kan náà ta Nicolas Anelka, ọmọ ogún ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá góòlù 17 wọlé ní líìgì, fún Real Madrid, wọ́n sì gbà ju mílíọ̀nù 22 pọ́n-ùn lọ. Nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù péré ni wọ́n fi mú un kúrò ní Paris lọ́dún 1997. Wọ́n fi nǹkan bí ìdajì owó Anelka ra Thierry Henry lọ́wọ́ Juventus, owó sì tún ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ràn Kanu á tètè fò sí ọjọ́ 23, oṣù Kẹwàá 1999, nígbà tí Chelsea ti fi góòlù méjì síwájú nílé ara wọn, tí Kanu gbá mẹ́ta wọlé láàárín ìṣẹ́jú bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀kẹta yẹn, góòlì Ed de Goey ti sáré jáde bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ẹ̀yìn pápá. Kanu yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó sì ti ibi tí kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ojú àwọ̀n gbé bọ́ọ̀lù náà wọlé. Ó dùn ún wò, kò sí irọ́ ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n góòlù mẹ́ta yẹn kọ́ ni ẹ̀rí pé ọjà náà dáa. Bí ọkàn rẹ̀ bá tiẹ̀ tún kọṣẹ́ lóṣù kejì tó dé, ìpinnu Arsenal á ṣì bọ́gbọ́n mu, torí pé ewu ọkàn yẹn ti wà nínú iye tí wọ́n rà á. Ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan bọ́ sí i fún ni, ọ̀tọ̀ ni kí a ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣì í nìyẹn: a máa ń fi àbájáde dájọ́ ìṣirò. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀mí-ìn.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ariwo tí a pa lórí atamátàsé Victor Boniface lóṣù Kẹjọ 2025 kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ọmọ tí wọ́n bí l'Àkúrẹ́ ni. Nígbà tó wà ní Bodø/Glimt ní Norway, iṣan orúnkún rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mejì kó tó pé ọmọ ogún ọdún tàbí kété tó pé e. Bayer Leverkusen mọ gbogbo èyí nígbà tí wọ́n rà á lọ́dún 2023 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 yúrò. Ó gbá góòlù 14 wọlé ní líìgì sáà náà, Leverkusen sì gba ife líìgì Jámánì fún ìgbà àkọ́kọ́ láìpàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Ní sáà kan náà yẹn, ọgbẹ́ abẹ́ itan ni kò jẹ́ kó bá Nàìjíríà lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 2025 yẹn, AC Milan fẹ́ yá a, kí wọ́n tó pinnu bóyá wọ́n á rà á. Àyẹ̀wò ara ò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n bá yí padà lọ ra Christopher Nkunku lọ́wọ́ Chelsea. Werder Bremen ló wá yá Boniface. Inú bí àwọn ènìyàn sí Milan bí ẹni pé wọ́n bú ìyá wa. Orúnkún kan náà ni ẹgbẹ́ méjì wò, ìṣirò wọn ni kò papọ̀: ẹni tó fẹ́ atamátàsé tí yóò máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ lè sá fún ohun tí ẹlòmíràn tó kàn fẹ́ ẹni tí yóò gbà á là ní sáà kan lè gbé. Milan kò ṣẹ̀, Bremen náà kò ṣẹ̀.

Ojú àpá kì í sì í jọ ojú ara. Ó yẹ kí a máa bi ara wa léèrè irú ọgbẹ́ tó jẹ́, kì í ṣe iye oṣù tó fi dùbúlẹ̀ nìkan. Ní ọjọ́ 11, oṣù Karùn-ún 2025, Taiwo Awoniyi, ọmọ Ìlọrin, fi ikùn gbá òpó góòlù nígbà tí Nottingham Forest ń bá Leicester gbá. Iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì ni wọ́n ṣe fún un, àwọn dókítà sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó sùn lọ kí ara rẹ̀ lè rí ìsinmi. Ó bani lẹ́rù ju orúnkún lọ, síbẹ̀ jàǹbá ni; òpó kì í sáré bá ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣòro iṣan tó máa ń padà wá láti sáà dé sáà ni ẹni tó ń rà gbọ́dọ̀ já owó nítorí rẹ̀. Títà náà ní ìṣirò tirẹ̀: Awoniyi yìí kan náà, Liverpool rà á lọ́dún 2015, wọ́n yá a jáde lẹ́ẹ̀meje, kò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan fún wọn nítorí ìwé àṣẹ iṣẹ́, wọ́n sì tà á fún Union Berlin lọ́dún 2021. Ní ọjọ́ 20, oṣù Karùn-ún 2023, góòlù tirẹ̀ kan ṣoṣo ló gba Forest lọ́wọ́ jíjábọ́, tó sì gbé ife líìgì fún Manchester City lọ́wọ́ Arsenal. Àwọn alátìlẹ́yìn Arsenal tó wà ní Idu ò ní gbàgbé ọjọ́ náà bọ̀rọ̀.

Àwọn kan á ní, ṣebí títà yẹn ló máa ń jẹ́ àṣìṣe jù? Chelsea jẹ́ kí Mohamed Salah bọ́ sọ́wọ́ Roma, gbogbo wa la sì rí ohun tó wá ṣe ní Liverpool. Arsenal ta Robin van Persie fún Manchester United lọ́dún 2012 torí pé ó kọ̀ láti tọwọ́ bọ àdéhùn tuntun; ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti ń lọ, ọgbẹ́ sì ti bá a fínra. Góòlù 26 ló gbá ní líìgì sáà yẹn, ife sì di ti United. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n Salah kò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè gbá bọ́ọ̀lù ní Chelsea, iye tí wọ́n tà á sì jẹ́ iye ẹni tí wọn ò tíì wò dáadáa. Àṣìṣe ìdíyelé ni. Ní ti Van Persie, ọdún mẹ́ta ló lò ní United, ọdún àkọ́kọ́ nìkan ló sì rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Eden Hazard. Nígbà tí Chelsea tà á fún Real Madrid lọ́dún 2019 ní iye tó ju mílíọ̀nù 80 pọ́n-ùn lọ, ọdún kan péré ló kù nínú àdéhùn rẹ̀, àwọn alátìlẹ́yìn Chelsea sì ń ṣọ̀fọ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 76 ló gbá ní Madrid láàárín ọdún mẹ́rin, góòlù 7 ni gbogbo rẹ̀ mú wá.

Àtakò tó le jù ni èyí tó ní owó kì í ṣe tiwa, pé ìfẹ́ ni àwa fi ń wo bọ́ọ̀lù, àti pé ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má fẹ́ Boniface. Ṣùgbọ́n owó ti ń kúrò lápò wa náà: owó ìwọlé ilé ìwòran, owó jẹ́sì tí orúkọ ẹni tuntun wà lẹ́yìn rẹ̀, àti èyí tó wọ́n jù lọ, owó tẹ́tẹ́. Ẹni tó fi owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ta tẹ́tẹ́ pé atamátàsé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ láti ọsibítù á gbá góòlù wọlé ní Sátidé, inú tí kò rí ló ta tẹ́tẹ́ sí. Bí ẹ bá fẹ́ jiyàn, ẹ jiyàn lórí ohun tó hàn: èló ni wọ́n rà á, ọdún mélòó ló kù nínú àdéhùn, ṣé yíyá ni àbí rírà, ọmọ ọdún mélòó ni, ta ló kù tí yóò gbá bọ́ọ̀lù bí orúnkún bá tún kọṣẹ́. Kí àwọn tó ń jiyàn kọ iye góòlù tí wọ́n retí sára ògiri ilé ìwòran pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún sáà méjì.

Iyàn ọdún 1999 kò tíì tán nígbà tó di 2008. Ní ọjọ́ 17, oṣù Karùn-ún, Kanu tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún gbá góòlù kan ṣoṣo tó fún Portsmouth ní ife FA lórí Cardiff. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ní Moscow, nínú ìparí líìgì àwọn aṣíwájú ilẹ̀ Yúróòpù, Anelka tó ti di ara Chelsea gbá pẹ́náńtì tó kẹ́yìn, góòlì Manchester United sì mú un. Arsenal ò sí níbi méjèèjì.