Fóòmù Ń Tẹ̀, Bódìfílà Kì Í Tẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdún 21 ni mí, Abẹ́òkúta ni mo ń gbé. Ìhámọ́ra Mandalorian, àwọn jagunjagun inú Star Wars, ni mò ń ṣe, mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí àpéjọ Lagos Comic Con. Fóòmù EVA ni mo gé, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, mo wá ra bódìfílà lọ́wọ́ pánẹ́ẹ̀bítà àdúgbò wa, mo fi dí gbogbo ojú ìpàdé rẹ̀. Mo fi sáńdìpépà ha á títí ó fi dán, mo sì fín ọ̀dà fàdákà sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lórí tábìlì, ó wù mí. Ọjọ́ tí mo wọ̀ ọ́, bí mo ṣe tẹ̀ síwájú báyìí, ìgbàyà àti ikùn rẹ̀ sán wẹ́wẹ́. Àbúrò mi tún ní ó dà bíi sílípáàsì tí wọ́n kùn lọ́dà. N kò lè jókòó nínú rẹ̀, òógùn sì ń dí mi lójú nínú àṣíborí. Ọ̀sẹ̀ 5 ló kù. Ṣé kí n kó gbogbo rẹ̀ dànù kí n tún un bẹ̀rẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Má kó o dànù. Fóòmù tó o ti gé tó sì bá ara rẹ mu, ìdajì iṣẹ́ nìyẹn, ọ̀sẹ̀ 5 sì tó fún ìdajì yòókù.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ọ̀dà láre, torí mo mọ̀ pé òun lò ń bínú sí. Ọ̀dà ò ṣẹ̀ ọ́. Bódìfílà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló sán, tí ọ̀dà fi bá a lọ. Rẹ́síìnì tí wọ́n pò mọ́ ẹbu ni bódìfílà. Bí o bá ti da ohun tó ń mú un gan sí i, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi le bí òkúta. Ara mọ́tò ni wọ́n ṣe é fún, irin tí kò ní í tẹ̀ mọ́ àfi tí mọ́tò náà bá tún forí sọ nǹkan. Fóòmù ní tirẹ̀ ń tẹ̀ nígbàkígbà tó o bá mí. Bó o bá fi ohun líle bo ohun tó ń mì, wọ́n á yapa dandan. Fín in lẹ́ẹ̀mẹ́wàá sí i bó o bá fẹ́, ibi kan náà ni yóò ti tún là. Má jẹ́ kójú tì ọ́ o. Èmi fúnra mi, POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé ni mo fi dí tèmi àkọ́kọ́. Bí mo ṣe ń rìn ló ń dà sílẹ̀ bí èlùbọ́, tí àwọn ọmọdé ń tọ ipasẹ̀ mi.

Àṣíborí, èjìká àti orúnkún kì í tẹ̀. Bí bódìfílà wọn bá ṣì dì mú dáadáa, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbàyà àti ikùn ni ká tún ṣe. Fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn kí èyí tó ti là lè bọ́ dànù, kó o sì fi ọ̀bẹ tuntun gé ojú ìpàdé tó ti rí jágajàga kúrò. Mo ní ọ̀bẹ tuntun. Fóòmù máa ń sọ bíléèdì di kúkúǹdù kíákíá, bíléèdì kúkúǹdù ló sì ń ya fóòmù dípò kó gé e.

Gọ́ọ̀mù ńkọ́? Mo fura pé ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ ti bẹ̀rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó ń rùn yẹn, èyí tí àwọn tó ń ṣe bàtà ní Mushin ń lò, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń pa pọ̀ ní tútù. Ojú méjèèjì ni wọ́n ń fi í pa, fẹ̀lẹ́fẹ̀lẹ́. Wàá wá fi sílẹ̀ bí ìṣẹ́jú 5 sí 10, títí ìka rẹ kò fi ní í lẹ̀ mọ́ ọn mọ́, lẹ́yìn náà ni wàá pa wọ́n pọ̀, tí wàá sì tẹ̀ ẹ́ gidi. Fara balẹ̀ kí ojú méjèèjì tó kanra, torí ibi tí wọ́n bá ti pàdé ni wọ́n dì mọ́ra sí. Ẹni tó bá kánjú pa á pọ̀, àlàfo ni yóò rí, yóò wá sáré lọ ra bódìfílà. Ìta gbangba ni kó o ti ṣe é. Afẹ́fẹ́ gọ́ọ̀mù yẹn ń kọ lu orí, ó sì tètè ń gbaná, nítorí náà jìnnà sí sítóòfù àti sìgá. Bí ìlà tín-ín-rín bá ṣì hàn lẹ́yìn èyí, lọ ra èyí tí àwọn akunlé fi ń dí etí fèrèsé kí wọ́n tó kùn ún, acrylic caulk ni wọ́n ń kọ sára rẹ̀. Fi ìka tó tutù fà á lọ lórí ìlà náà. Ó máa ń rọ̀ bíi rọ́bà bó bá gbẹ. Má jẹ́ kí wọ́n tà ọ́ ní silicone dípò rẹ̀, torí ọ̀dà kì í dì mọ́ ìyẹn.

Ní ti sílípáàsì, àbúrò rẹ ríran. Irú fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe sílípáàsì náà lo lò, etí ló sì ń tú u fó: etí tó nípọn, tó gé gbọọrọ, tó ní ihò wẹ́wẹ́ bíi ti búrẹ́dì. Irin kì í rí bẹ́ẹ̀. Fi bíléèdì gé gbogbo etí ìta ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí ojú tó hàn lè dà bíi pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, kó o wá fi sáńdìpépà ha á. Bo imú rẹ o, ẹbu fóòmù kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn náà, gbé heat gun, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, má fi sún mọ́ ọn jù, má sì dúró sójú kan, kó o máa fẹ́ ẹ lọ títí ojú fóòmù yóò fi ta dán díẹ̀. Dídán yẹn ni àmì pé àwọn ihò rẹ̀ ti pa dé. Fóòmù tí kò gba iná ń mu ọ̀dà bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi.

Nísinsìnyí, po gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà mọ́ omi díẹ̀, kó o fi búrọ́ṣì pa á ní ìpele 3 sí 5, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbẹ kí èkejì tó gorí rẹ̀. Níbi tó ń tẹ̀, má kọjá 2. Bó o bá rí Plasti Dip rà, òun ni kó o fín síbẹ̀, torí rọ́bà lòun. Ọ̀dà dúdú ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ ni fàdákà. Bí fàdákà bá jókòó lórí dúdú, ó máa ń jinlẹ̀ bí irin, ṣùgbọ́n lórí fóòmù lásán, bíi bébà tí wọ́n fi ń di ṣokoléètì ló ń rí.

Ìbéèrè kan wà tí o kò bi mí, òun ló sì ká mi lára jù. Ta ni o ń ṣe gan-an? Bó bá jẹ́ Din Djarin tó ń ṣe olórí eré The Mandalorian tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019 ni, ìhámọ́ra rẹ̀ láti ìpín kẹta jẹ́ irin beskar tí wọn ò kùn. Kò sí ohun tó ṣòro fún fóòmù ju èyí lọ, nítorí gbogbo kòtò àti gegele ló ń hàn lára fàdákà. Ìwọ wo Boba Fett, tó wọ irú ìhámọ́ra yìí nínú Star Wars. Funfun báláú ni aṣọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rán an. Joe Johnston, ayàwòrán Star Wars, ló kùn ún ní oríṣiríṣi àwọ̀, tó sì kun ọgbẹ́ ogun sí i lára. Ní 24 oṣù kẹsàn-án 1978, kí ẹnikẹ́ni tó rí i nínú sinimá tó jáde ní 1980, ó ti bá Darth Vader, òṣìkà inú eré náà, rìn nínú ìwọ́de kan ní San Anselmo ní California. Àwọ̀ tó bó yẹn ló jẹ́ kí ojú gbà á gbọ́ títí dòní. Àwọ̀ ń bo àléébù. Kò sì sí òfin pé o gbọ́dọ̀ ṣe ẹni tó wà nínú eré; Mandalorian Mercs, ẹgbẹ́ àwọn tó ń wọ ìhámọ́ra yìí tó ti wà láti 2007, fọwọ́ sí i kí èèyàn dá tirẹ̀ ṣe. Èmi ì bá sanwó láti wo ẹnì kan tó wọ yẹ́lò pẹ̀lú ìlà dúdú méjì bíi dánfó.

Dánfó náà gan-an ni olùkọ́ rẹ. Lọ dúró ní gáréèjì, kó o wo èyí tó ti gbó. Ibo ni ọ̀dà ti bó? Etí ilẹ̀kùn ni, ibi tí ọwọ́ kọ̀ńdọ́ ti ń dì í mú, àtẹ̀gùn tí bàtà ń ha, àti bọ́ńpà. Àárín òrùlé kì í bó bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ kì í mọ̀ nìyí. Wọ́n á máa ta àmì fàdákà kiri gbogbo ara bí ẹni tí ìgbóná ń ṣe. Bi ara rẹ léèrè pé kí ló fara gbún ìhámọ́ra náà. Ìgbànú ìbọn ń ha èjìká kan, kì í ha méjèèjì. Orúnkún tó ń kúnlẹ̀ ló ń họ. Bó o bá ti mọ ibẹ̀, mú pẹ́ẹ̀sìtì ìfọyín, fi kàn-ìn-kàn-ìn tó ti ya tẹ̀ ẹ́ sí etí wọ̀nyẹn lórí fàdákà tó ti gbẹ, kó o wá fín àwọ̀ tó o bá yàn sórí gbogbo rẹ̀. Bó bá gbẹ, fi aṣọ tútù nu pẹ́ẹ̀sìtì náà kúrò. Fàdákà yóò yọjú lábẹ́ àwọ̀ bí ìgbà tí ó ti bó láti ọdún mẹ́wàá. Parí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà dúdú tó o là pẹ̀lú omi. Pa á, kó o nù ún kíákíá, kí ìdọ̀tí kù sínú kọ̀rọ̀. Fín ọ̀dà aláìláwọ̀ lé e, èyí tí kì í dán.

Jíjókòó kò le. Ìgbàyà àti ikùn rẹ lẹ̀ mọ́ra, àbí? Gé wọn sí méjì, kó o fi rọ́bà tí télọ̀ ń fi sí ẹnu ṣòkòtò so wọ́n pọ̀ láti inú, kí ọ̀kan lè yọ sábẹ́ èkejì. Aṣọ dúdú tó wà nísàlẹ̀ ló yẹ kó máa tẹ̀, kì í ṣe irin. Nígbà tí wọ́n ń ya Star Wars ní Tùnísíà ní 1976, apá kan nínú ẹsẹ̀ òsì aṣọ róbọ́ọ̀tì C-3PO fọ́ mọ́ Anthony Daniels tó wọ̀ ọ́ lára, ó sì gún un lẹ́sẹ̀. Àwọn tó ń fi sinimá jẹun nìyẹn o. Tìrẹ ń fọ́ ní Abẹ́òkúta, ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́.

Ooru àti ìríran ni ìyà tó kù. Ọ̀pọ̀ máa ń fi gíláàsì dúdú àwọn wẹ́dà sí ojú àṣíborí. Ṣọ́ra, torí èyí tí wọ́n fi ń lẹ irin pẹ̀lú iná mànàmáná, nọ́ńbà 10 sókè, dúdú jù, inú gbọ̀ngàn lo ti máa fẹsẹ̀ kọ àga. Wá nọ́ńbà 5 tàbí 3. Nu inú rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ ìfọwo díẹ̀, kó má bàa máa yọ ìkùukùu. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń rán ẹ̀kú egúngún ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó dá Hollywood sílẹ̀. Àwọ̀n ni wọ́n fi sójú: ẹni inú ń rí ìta, ará ìta ò rí inú, atẹ́gùn sì ń wọlé. (Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni wà nínú ẹ̀kú o.) Gé àwọ̀n dúdú sí abẹ́ àgbọ̀n àṣíborí àti ibi etí, kó o fi fáànù kọ̀ǹpútà kékeré kan sínú rẹ̀, irú èyí tí páwà báǹkì lè gbé, kó máa fẹ́ sí iwájú orí rẹ.

Bó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, wọ gbogbo rẹ̀ fún wákàtí méjì nílé. Jẹun nínú rẹ̀, gun àtẹ̀gùn, lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, kó o mọ ìgbà tí yóò gbà ọ́ láti tú u. Wá ẹnì kan tí yóò máa bá ọ rìn lọ́jọ́ náà, àbúrò rẹ tó lójú yẹn ni mo dábàá. Kó gbé omi lọ́wọ́, gọ́ọ̀mù kékeré, abẹ́rẹ́ àti òwú dúdú. Nígbà tó o bá ń bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò ni okùn àkọ́kọ́ máa ń já.