Okùn Abẹ́ Àgbọ̀n
Ní January 2009 tí àwọn Road Safety sọ àṣíborí di dandan fún ọlọ́kadà, igbá làwọn kan dé sórí. Àmọ́ èyí tí mò ń rí ní Òdogbolú, tí okùn rẹ̀ ń fì, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn jùgbá lọ. Orí tó já bọ́ láti mítà 1.5 á fi eré bíi 20 kìlómítà ní wákàtí kan gbá títì, kódà bí ọ̀kadà ò rìn. Fóòmù inú àṣíborí ló ń rún, tí orí ò fi ní dúró lójijì. Tí ẹ ò bá so okùn, ó lè ti fò lọ kí orí tó kanlẹ̀. Ẹ so ó kó ku àyè ìka méjì péré. Sípánà ńkọ́? Ẹ fi àkísà wé e, kẹ́ ẹ kó o sábẹ́ ìjókòó. Tó bá wà lápò ṣòkòtò, itan ló máa gún tẹ́ ẹ bá ṣubú.