Àwọ̀ Ìrọ̀lẹ́ ní Totsi

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìrọ̀lẹ́ méje ni mo fi ya fọ́tò ojú ọ̀run láti Totsi. Oòrùn kì í pẹ́ wọ̀ níhìn-ín, ẹ tètè múra. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rọ máa tún àwọ̀ ṣe fúnra rẹ̀, á fọ pupa náà dànù.

Ìṣòro dé nígbà tí mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò. Ilé-ìwé Faransé ni mo lọ: rouge, orange, jaune, rose yára wá. Ní Yorùbá, "pupa" ni mo kọ sábẹ́ gbogbo wọn, ojú sì tì mí. Berlin àti Kay (1969) ṣáà ti sọ pé bí èdè bá ní orúkọ àwọ̀ ìpìlẹ̀ mẹ́ta péré, funfun, dúdú àti pupa ni.

Ìyá mi wò wọ́n. "Èyí pupa fòò. Èyí rí rúsúrúsú. Tibí yìí, epo ni. Tọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n bọ̀ ni."

Epo kì í ṣe orúkọ àwọ̀, ẹ lè wí bẹ́ẹ̀. Orange ńkọ́? Ṣebí èso ni! Àti "pọ́n": ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Mángòrò ń pọ́n, ojú ń pọ́n. Àwọ̀ tó ń yí padà lọ́wọ́ ni ó ń sọ, rouge kò lè sọ ọ́.

Mo ti tún ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò méjèèje kọ.