Ẹ Gbé Ọmọ Náà Dé Ibi Tí Ìrànlọ́wọ́ Wà

AKỌ́SÓRÍ: Gálátíà 6:2
BÍBÉLÌ KÍKÀ: Máàkù 2:1-12

Àwọn ọmọ kan wà tí ìwé kíkà nira fún ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ohun tí a kọ́ wọn lónìí, bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n ti gbàgbé. Àwọn mìíràn kò lè jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n ń sáré káàkiri nínú ìsìn, wọ́n ń pariwo, inú sì tètè ń bí wọn. Àwọn èèyàn a ní olódo ni ọmọ náà, tàbí pé ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ, tàbí pé emèrè ni. Nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí, àwọn òbí kan ti ọmọ mọ́lé, àwọn ìyá mìíràn kò sì wá sí ilé Ọlọ́run mọ́.

Olùfẹ́, nínú Bíbélì kíkà òní, ọkùnrin mẹ́rin ni ó gbé arọ náà wá. Èrò dí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n wọn kò padà sílé. Wọ́n gun òrùlé, wọ́n ṣí i, wọ́n sì sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú Jésù. Olúwa rí ìgbàgbọ́ wọn nínú bí wọ́n ṣe gbé e tí wọ́n sì wá ọ̀nà. Àdúrà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbàdúrà fún irú ọmọ báyìí gbọ́dọ̀ gbé e pẹ̀lú. Ẹnì kan kò sì lè dá a gbé. Ta ni àwọn mẹ́rin tí yóò gbé e?

1. Oníṣègùn. Ìṣòro yìí lè bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ náà kò tètè mí nígbà tí a bí i. Ìgbà mìíràn, a kì í mọ ohun tó fà á. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa lè dà bí aláìgbọràn. Ẹ kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀, àti ìgbà tó ń ṣe é, kí ẹ fi han dókítà. Ní UCH Ìbàdàn, ní Aro ní Abẹ́òkúta àti ní Yábàá, àwọn tó mọ̀ nípa ọmọdé wà níbẹ̀. Lílọ síbẹ̀ kò sọ ọmọ di wèrè.

2. Olùkọ́. Òfin àwọn akàndá ẹ̀dá tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2019 fún wọn ní ẹ̀tọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì ní kí olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ kò tíì ṣe é, nítorí náà ẹ lọ rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ fi sùúrù bẹ̀rẹ̀ fún ìjókòó iwájú, iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, àti àṣẹ kan lẹ́ẹ̀kan.

3. Ará ilé. Ẹgba kò lè kọ́ ọmọ ní ohun tí ọpọlọ rẹ̀ kò tíì lè ṣe. Ẹ jẹ́ kí àkókò oúnjẹ, ìwẹ̀ àti oorun rẹ̀ dúró sójú kan. Bó bá ṣe dáadáa díẹ̀, ẹ yìn ín. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má fi í sílẹ̀ fún ìyá nìkan.

4. Ìjọ. Bá ìyá náà mú ọmọ dání kí òun náà lè gbọ́ ìwàásù. Bá wọn wá owó ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Má ṣe pe ọmọ náà ní àjẹ́, má sì ṣe sọ pé kí wọ́n pa ìtọ́jú tì.

Àwọn ọmọ mìíràn yóò nílò ìrànlọ́wọ́ fún ọjọ́ pípẹ́. Síbẹ̀, ọmọ tí a kò fi sílẹ̀ lè kọ́ ju bí a ti rò lọ. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ìdílé wo ni ìwọ yóò bá gbé e?

KÓKÓ ÀDÚRÀ: Baba, fún àwọn òbí tó ti rẹ̀ ní agbára, kí o sì fi mí ṣe ọ̀kan nínú àwọn tí yóò bá wọn gbé ẹrù náà, ní orúkọ Jésù.