A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí

A kì í fárí lẹ́yìn olórí, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìgbà tí a bá dìbò ní Nàìjíríà ni à ń ṣe é fún àwọn ará wa tó wà lókè òkun. Ẹ wo Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòròdú, tó wà lẹ́yìn Mile 12, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe. Odò Ògùn kò jìnnà sí wọn. Bí òjò bá pọ̀, tí wọ́n tún tú omi sílẹ̀ láti ibi ìsédò (dáàmù) Ọ̀yán, omi á gbalé mọ́ onílé lọ́wọ́. Ti oṣù kẹwàá ọdún 2010 sọ ọ̀pọ̀ di aláìnílé. Ọmọ tó wà ní London tàbí Houston ni wọ́n máa ń ké sí pé kó fowó àtúnṣe ránṣẹ́. Àmọ́ ìjọba àpapọ̀ ló ni dáàmù yẹn, ọjọ́ tí a sì ń yan ààrẹ àti àwọn aṣòfin àpapọ̀, ọmọ náà kò lẹ́nu níbẹ̀.

Ìwé òfin ọdún 1999 ló fà á. Abala 77 àti 117 ní ẹni tó bá ti pé ọdún 18, tó sì ń gbé Nàìjíríà lásìkò ìforúkọsílẹ̀, ló lè forúkọ sílẹ̀ láti dìbò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún 2022, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì l'Abuja kọ àbá tí ì bá tún un ṣe. Àwọn kan ní ẹni tó ń gbénú ilé ló mọ ibi tó ń jò. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń pè lóru pé kó fowó páànù ránṣẹ́ náà mọ ibẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ ká gbé ẹ̀tọ́ ìdìbò karí owó. Bí owó bá di òṣùwọ̀n, alábàárù ọjà Mile 12 ni yóò kọ́kọ́ pàdánù tirẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ni àwọn tó wà lókè òkun, ohun tí ìjọba bá ṣe sì ń kan ilé wọn. Ìyẹn ti tó.

Ìbẹ̀rù màgòmágó ló wúwo jù lójú tèmi. Nínú ìbò ààrẹ ọdún 2023, ìbò tó wà láàárín ẹni àkọ́kọ́ àti ẹnì kejì ní ìpínlẹ̀ Èkó kò tó 10,000, nítorí náà ìwọ̀nba ìbò èrú láti òkè òkun lè yí èsì ìpínlẹ̀ kan padà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká bẹ̀rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba wa ní ìlú díẹ̀, kí òṣìṣẹ́ àjọ elétò ìdìbò, INEC, àti aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú wà níbẹ̀, kí wọ́n sì ka ìbò lójú gbogbo ènìyàn. Sẹ̀nẹ̀gà ti ń ṣe é tipẹ́. 15 nínú àga 165 ilé aṣòfin wọn jẹ́ ti àwọn ọmọ wọn tó wà lẹ́yìn odi. Gánà ṣòfin tirẹ̀ lọ́dún 2006, ṣùgbọ́n títí di ìbò ọdún 2024 wọn kò tíì lò ó. Nítorí náà, kí òfin tiwa dárúkọ ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó lọ, ẹ lè dìbò ní ibùdó yín bí ẹ bá wá sílé lásìkò ìbò. Ẹ má fi káàdì yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin. Ẹ má sì tìtorí owó oúnjẹ pàṣẹ ìbò fún ìyá yín. Àtúnṣe òfin yìí ń fẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì l'Abuja àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24. Èkó lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí olùdíje bá wá sí Ajégúnlẹ̀, kí àwọn ará ilé yín bi í níwájú èrò bóyá yóò fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì gba ìdáhùn kó tó kúrò níbẹ̀.